OMI LÓ Ń GBA ỌMỌ LÀ, KÌ Í ṢE RẸ́DÌ-ÀN-YẸ́LÒ

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù, Adó-Àwáyè. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọmọ wọn lè kà á fún wọn nílé.

   

Ẹ má bínú pé a ní kí ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó gba ààyè ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò tó ohun à ń pè jọ sípàdé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Ní àkọ́rọ̀ òjò tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ ọjà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan ni. Ìyá rẹ̀ ń tajà lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lòun náà ṣe: ó rán èèyàn lọ ra kápúsù méjì lórí àtẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní rẹ́dì-àn-yẹ́lò, ó tú u sínú ẹ̀kọ mímu, ó fún ọmọ mu. Àwa tó wà nítòsí la tún sọ fún un pé kí ó má fún ọmọ lómi, pé omi á jẹ́ kó máa ṣu sí i. Ìgbẹ́ kò dá. Lọ́jọ́ kejì, a ní kí ó fi Flagyl kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé ò jáde. Bí a bá fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kì í tètè padà sáyè rẹ̀. Ìgbà yẹn la tó pariwo pé kí wọ́n pe ọlọ́kadà.

Ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n gbé e lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe kápúsù. Omi ni. Omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, ṣíbí kan tẹ̀lé òmíràn, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ti ń wá ọmú.

Ọmọ náà wà láàyè. Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbí yìí lónìí, a ò ní dárúkọ. A kò sọ ọ́ láti fi bú ìyá rẹ̀. Àwa la fún un nímọ̀ràn. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ bi àwọn tó mọ̀, tí a sì kó ohun tí a gbọ́ wá síwájú yín.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú eyín kúrò níbẹ̀. Eyín tí ọmọ ń hù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí ọmọ ń hu eyín náà ló ń rá káàkiri, tó sì ń kó gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu: iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀, bàtà wa. Ohun tó kó sẹ́nu ló fà á.

Kòkòrò àìfojúrí ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní oríṣiríṣi. Àwọn kan ń fa ìgbẹ́ olómi lásán, àwọn kan ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àwọn kan ń fa ibà tàífọ́ọ̀dù. Èyí tó le jù nínú ti olómi ni kọ́lẹ́rà, tí àwọn ìyá wa ń pè ní onígbáméjì: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Onígbáméjì lè pa géńdé láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé omi ara ló ń gbẹ tán. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé: láti inú ìgbẹ́ ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn. Ó lè gba inú omi lọ, ó lè gba orí eṣinṣin lọ, ó lè gba ọwọ́ wa lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàìsàn yìí ti jẹ ìgbẹ́ ẹlòmíràn láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn ìyá wa àgbà á rántí ìgbà tí onígbáméjì kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní ìparí ọdún 1970. Láti ìgbà náà, kò tíì lọ pátápátá. Ní ọdún 1991, èèyàn 59,478 ló mú ní ilẹ̀ wa, ó sì pa 7,654. Ní ọdún 2021, àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti mú jẹ́ 111,062, àwọn tó kú sì jẹ́ 3,604. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ọjà, ẹ bá wa ṣe é: ní 1991, nínú 100 tí ó mú, ó tó 13 tó kú. Ní 2021, ó ku díẹ̀ lé ní 3. Ó dín kù o, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ jù, torí pé bí ìtọ́jú bá tètè dé, ẹnì kan ṣoṣo nínú 100 kò yẹ kó kú.

IBI TÍ WỌ́N Ń FARA PAMỌ́ SÍ

Ìbéèrè tí a bi àwọn tó mọ̀ ni pé, bí àìsàn yìí bá lọ tán lẹ́ẹ̀rùn, níbo ló ń lọ, tó fi tún ń padà wá lójò? Ìdáhùn wọn ni pé kò lọ síbì kan. Ó wà nítòsí, ó ń sinmi ni.

Ibi àkọ́kọ́ ni ara àwa tí ara wa le. Púpọ̀ nínú àwọn tí kòkòrò onígbáméjì bá wọ inú wọn kò ní ṣàìsàn rárá, tàbí kí inú kàn yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n á máa yà á jáde nínú ìgbẹ́ fún ọjọ́ kan títí dé ọjọ́ mẹ́wàá. Olóúnjẹ tí nǹkan kan kò ṣe lè máa bu àìsàn sínú abọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Kì í ṣe ẹni burúkú. Kò mọ̀ ni.

Ibi kejì ni ẹran ọ̀sìn. Adìyẹ, ewúrẹ́, màlúù, gbogbo wọn ló ní kòkòrò nínú ìfun, àwọn mìíràn nínú wọn sì lè dá wa dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníwàrà wa. Bí a bá ń se wàrà lọ́wọ́, iná ń pa kòkòrò. Lẹ́yìn tí a bá sè é tán ni ewu ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ tí a fi ń mú un, omi rẹ̀ tí a tún dà lé e lórí, igbá tí a kò ṣí bò. Wàrà tí a bá dín kí a tó tà á ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Ibi kẹta ni omi. Ní ilẹ̀ Bangladesh, níbi tí onígbáméjì ti ń jà láti ayébáyé, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Rita Colwell, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé kòkòrò náà kì í kàn léfòó lójú omi. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú omi, tí wọ́n kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí wọn. Bí ipò bá le fún un, ó lè sùn sínú omi bí ẹni tó ti kú, kí ó tún jí nígbà tí ipò bá dẹrùn. Wọ́n wá ní kí àwọn obìnrin abúlé 65 dán ohun kan wò: kí wọ́n ká aṣọ ìró tó ti gbó, tí wọ́n ń pè ní sárì, lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n sì fi sẹ́ omi mímu. Aṣọ tó gbó ni wọ́n ní kí wọ́n lò, torí òwú rẹ̀ ti wú, ihò rẹ̀ ti ki. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 ni pé onígbáméjì dín kù pẹ̀lú 48 nínú 100. Aṣọ ìró ìyá àgbà lásán ló ṣe é! Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á sódì o: aṣọ ń dín in kù ni, kì í pa á tán. Ẹni tó bá ní igi ìdáná, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì tún sè é kí ó hó yaya.

Ẹ wo ìlú tiwa wàyí. Ẹsẹ̀ àpáta la jókòó sí. Adágún tó wà lórí òkè wa jẹ́ ohun ìyanu tí àwọn àlejò ń tọ̀nà jíjìn wá wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lẹ́sẹ̀ àpáta mọ̀ pé àpáta kì í mu omi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọ̀gbàrá á ti òkè rọ́ wálẹ̀, á gbé gbogbo ohun tó bá pàdé: ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ àwa èèyàn tí a yà sẹ́yìn ilé àti sínú igbó ìtòsí. Kànga tí kò bá ní ọrùn tó ga, tí kò ní ìdérí, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Omi tí a fi ń fọ ata àti tẹ̀tẹ̀ nìyẹn. Òun náà ni a fi ń po ẹ̀kọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2024 yẹ kó kọ́ àwa ọlọ́jà lọ́gbọ́n. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tọ́ka sí ohun mímu òfìo tí wọ́n rọ sínú ike, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọjà kan mọ́ àìsàn, ṣé ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní mímọ́ á tún rí tà? Ọ̀kan ṣoṣo tó bá dọ̀tí nínú wa lè ba ọjà gbogbo wa jẹ́.

BÍ WỌ́N ṢE ŃKỌ́ OÒGÙN

Èyí ló jọ wá lójú jù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ kan gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le, tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa kòkòrò kan tí ń jẹ́ E. coli, tó ń gbé inú ìfun gbogbo èèyàn. Wọ́n ṣe é ní 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Kòkòrò 758 ni wọ́n dán oògùn wò lára wọn. Iruka Okeke, Susan Fayinka àti Adébáyọ̀ Lamikanra ló gbé èsì náà jáde ní ọdún 2000. Ẹ jẹ́ ká mú oògùn mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n dán wò: tetracycline, tí í ṣe rẹ́dì-àn-yẹ́lò wa, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Ní 1986, nínú kòkòrò 100, àwọn tí oògùn wọ̀nyí kò ràn mọ́ wà láàárín 9 àti 35. Ní 1998, wọ́n ti wà láàárín 56 àti 100.

Ọdún 12 péré! Ara àwọn tí kò ṣàìsàn ni wọ́n sì ti rí i o. Ìyẹn ni pé inú wa lásán ti di àká tí a ń kó kòkòrò olóríkunkun pamọ́ sí.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kà á sí pé àwọn agbowó-orí ya wọ ọjà, wọ́n ní kí ẹni tí kò bá ní rìsíìtì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn tí kò ní á sá lọ. Àwọn díẹ̀ tó ní rìsíìtì á jókòó, wọ́n á sì gba gbogbo ìsọ̀ tó ṣófo. Bí oògùn ṣe ń ṣe nínú ìfun nìyẹn. Ó ń lé àwọn aláìlágbára, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Nínú àwọn tó sì sá lọ, kòkòrò tí ń ṣe wá lóore wà níbẹ̀.

Bí ìyẹn nìkan bá ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní rìsíìtì yìí ń ya fọ́tókọ́pì fún aládùúgbò wọn! Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Kòkòrò ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ń jẹ́ Shigella bẹ̀rẹ̀ sí í jàjàbọ́ lọ́wọ́ oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó sì di 1959, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ fi hàn pé kòkòrò kan lè gbé agbára náà fún òmíràn, àní fún oríṣi mìíràn. Nítorí náà, kápúsù tí a gbé mì lónìí nítorí inú rírun lásán lè kọ́ kòkòrò jẹ́jẹ́ tó wà nínú wa, kí òun náà sì lọ kọ́ kòkòrò burúkú tó máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe àwa èèyàn nìkan. Ẹni tó ń da oògùn sínú omi adìyẹ kí àìsàn má bàa mú wọn, láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ fún kòkòrò. Ìgbẹ́ adìyẹ yẹn la ń kó lọ sí ẹ̀bá ẹ̀fọ́. Ọ̀gbàrá á gbé e, kànga á gbà á, ẹnu wa ni yóò parí sí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ṣírò pé ó kú káàkiri ayé ní ọdún 2019 nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́.

DÍDÁFÁ LÁÌNÍ IKIN

Iruka Okeke tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 2011 ó gbé ìwé kan jáde lórí bí ilé àyẹ̀wò ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní ilẹ̀ Áfíríkà. Divining Without Seeds ló pe àkọlé rẹ̀, èyí ni pé kí èèyàn máa dáfá láìní ikin lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ó yé yín? Babaláwo tó jókòó síwájú ọpọ́n láìní ikin, láìní ọ̀pẹ̀lẹ̀, tó ń sọ pé ifá wí báyìí wí báyìí, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́?

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe nídìí àtẹ oògùn. Kò sí ẹni tó yẹ ìgbẹ́ wò. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kòkòrò ni, tàbí fáírọ́ọ̀sì tí kápúsù kò lè ṣe ní nǹkan kan. Púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ rótáfáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Àjẹsára, ẹ̀kán omi díẹ̀ lẹ́nu ọmọ, ló wà fún un, Nàìjíríà sì ti fi í kún àjẹsára ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́ láti ọdún 2022. Ẹ gbé ọmọ lọ gbà á.

A kò sọ pé oògùn apakòkòrò kò dára. Ó ní ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ẹni tí onígbáméjì gbé ṣánlẹ̀, ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé tàífọ́ọ̀dù ni, wọ́n lè nílò rẹ̀. Nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni kò fi yẹ ká fi ṣòfò. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó sọ èyí tí a máa lò àti iye ọjọ́ tí a máa lò ó. Rẹ́dì-àn-yẹ́lò tún lè ba eyín ọmọdé jẹ́ títí ayé.

OHUN TÍ A MÁA ṢE NÍLÉ

Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń sá àsálà lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Omi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà sára tán. Dókítà kan, Dilip Mahalanabis, ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi sínú àgbá, kí àwọn ìyá àti ẹbí máa bù ú fún àwọn aláìsàn mu. Kí ó tó ṣe é, àwọn tó ń kú tó 30 nínú 100. Ní àgọ́ rẹ̀, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Àwọn ìyá tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń bu omi náà fún ọmọ. Ohun tí wọ́n ṣe, àwa náà lè ṣe é.

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù ṣúgà nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ má bẹ̀rù. Nínú ìfun tí àìsàn ti bà jẹ́, ṣúgà ló ń bá iyọ̀ ṣílẹ̀kùn, tí àwọn méjèèjì bá sì wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Ìgbẹ́ lè má dá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi ara kò ní gbẹ.

Bí ẹ bá rí O.R.S. oníyẹ̀fun nílé ìtọ́jú tàbí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ní ìwé àṣẹ, òun ló dára jù. Iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi pò ó. Bí kò bá sí, ẹ ṣe báyìí:

Omi mímọ́ lítà 1, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà oní-50cl méjì.
Ṣúgà ṣíbí tíì 6, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó dọ́gba.
Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn, torí pé iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ. Bí ó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ da èyí tó kù nù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kí ó mu ìdá mẹ́rin kọ́ọ̀pù dé ìdajì kọ́ọ̀pù lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì dé kọ́ọ̀pù kan. Ṣíbí ni kí ẹ fi máa fún un, ẹ má fi kánjú. Bó bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ béèrè síńkì nílé ìtọ́jú. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ máa lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ bá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ má dúró de kí ọjà tú. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì máa fún un lómi lọ́nà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ FỌWỌ́ SÍ

Ìkínní, ọwọ́ fífọ̀. Ọṣẹ àti omi nìkan lè dín ìgbẹ́ gbuuru kù tó bíi 30 nínú 100. A fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ọjà àti nítòsí àwọn olóúnjẹ. Owó ọṣẹ kò pọ̀ bí a bá dá a pọ̀.

Ìkejì, oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò kan lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀kan tó wọ inú ìkòkò ẹ̀wà láago 8 àárọ̀ lè ti di 4,096 láago 12 ọ̀sán. Nítorí náà, kí ó gbóná gidi tàbí kí ẹ tún un sè. Ẹ dé e, kí eṣinṣin má bà lé e.

Ìkẹta, kànga tó wà lẹ́yìn ọjà. A ní láti gbé ọrùn rẹ̀ sókè, ká ṣe ìdérí, kí ìfami kan ṣoṣo sì wà fún un, tí a kò ní máa gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìkẹrin ló le jù, a ò sì ní fi bò. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé oògùn sórí àtẹ. A mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ wá. Ara èrè rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin. Òfin kò fàyè gba kíkiri oògùn lọ́jà, òórùn sì ń ba oògùn jẹ́ lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń rà á la mú un lówò. Bí a bá kàn lé wọn, a ti fi ebi pa aládùúgbò wa, kápúsù náà á sì gba ẹ̀yìn wọlé. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó láti inú àjọ láìgba èlé, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjà mìíràn, ọṣẹ, ṣúgà, iyọ̀, ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Kí àwa náà sì ṣèlérí pé a ò ní ra kápúsù lórí àtẹ fún ọmọ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ wa kò jù báyìí lọ. Ọmọ tó bá kú kò ní bá wa jókòó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run má jẹ́ ká fi èrè ọjà ra pósí. Àṣẹ.

Ohun tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí: Gbogbo ilé fọwọ́ sí ti ọwọ́ fífọ̀, ti oúnjẹ àti ti kànga. Lórí ti àtẹ oògùn, méjì nínú àwọn ìyá tó ń tà á dìde, wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ fún àwọn láyè kí àwọn tó jáwọ́. Ìyálọ́jà fún wọn ní oṣù mẹ́ta, owó àjọ á sì tó wọn lọ́wọ́ kí ó tó pé. Ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ló ní òun á máa kọ́ àwọn ìyàwó tuntun bí a ṣe ń po omi náà, ní ìsọ̀ òun, lọ́jọ́ ọjà. Ẹ mú ṣíbí tíì yín dání.